Kí n máa fún un ni, àbí kí n máa dẹ̀ ẹ́? Ìfiwéra àwọn ọ̀nà tí ọ̀dọ́mọbìnrin lè gbà kọ́ iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí

Ọmọ ọdún 23 ni mí nígbà tí ìtọ̀ kọ́kọ́ já bọ́ lára mi níbi tí mo ti ń fo okùn. Kò pọ̀, ẹ̀kán mélòó kan ni, ṣùgbọ́n ó tó láti mú mi sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí n sì parọ́ fún àwọn tá a jọ ń ṣeré ìdárayá pé inú ló ń run mí. N kò tíì lóyún rí. Gbogbo ohun tí etí mi ti gbọ́ nípa ìtọ̀ tó ń já sílẹ̀, ti abiyamọ àti ti àwọn ìyá àgbà ni, nítorí náà mo gbà pé èmi nìkan nirú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Mo ka nǹkan díẹ̀ nípa ìdárayá tí wọ́n ń pè ní Kegel, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí mọ́ra láàárọ̀ àti lálẹ́. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Ìtọ̀ kò dáwọ́ dúró, ó tún wá ń já nígbà tí mo bá sín.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ físíò (ẹni tó ń fi ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú iṣan) tó mọ̀ nípa ara obìnrin, kò pẹ́ rárá tó fi rí i pé ohun tí mo ń ṣe kì í ṣe fífún. Ńṣe ni mo ń ti gbogbo nǹkan sísàlẹ̀, bí ẹni tí ìgbẹ́ le fún. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ́ iṣan mi ní òdìkejì ohun tó yẹ kó mọ̀.

Ohun tó mú mi kọ ìfiwéra yìí nìyẹn. Oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n ń polówó fún wa: ìdárayá ọ̀fẹ́, kóònù (ìwúwo kékeré tí wọ́n ń fi sí ojú ara), ẹ̀rọ tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ oníná, ẹyin olókùúta. Àbúrò mi, kó o tó yan èyíkéyìí nínú wọn, mọ ipò tí iṣan rẹ wà, kó o sì jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ wò ó, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn la lè wá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Iṣẹ́ méjì tí iṣan náà ń ṣe

Fojú inú wo ẹní tí wọ́n ta láti egungun iwájú abẹ́ títí dé egungun ìdí lẹ́yìn. Orí ẹní yẹn ni ilé ìtọ̀ (àpò tí ìtọ̀ ń kó jọ sí nínú ara), ilé ọmọ àti ìparí ìfun jókòó lé. Ọ̀nà mẹ́ta ló gba àárín rẹ̀ kọjá: ọ̀nà ìtọ̀, ojú ara, àti ihò ìdí. Bí iṣan náà bá dì, àwọn ọ̀nà yìí á pa dé, gbogbo ẹní náà á sì gbéra sókè díẹ̀. Bó bá dẹ̀, ọ̀nà á ṣí fún ìtọ̀, fún ìgbẹ́, fún ìbálòpọ̀, fún ọmọ tó fẹ́ wáyé.

Dídì àti dídẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Iṣan tó mọ dídì nìkan ṣàìsàn, gẹ́gẹ́ bí èyí tó mọ dídẹ̀ nìkan ṣe ṣàìsàn.

Àwọn fọ́nrán inú iṣan náà tún pín sí méjì. Èyí tó pọ̀ jù ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kì í tètè rẹ̀ wọ́n, àwọn ló ń gbé ẹrù inú láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn tó kù yára gan-an. Àwọn ló ń dì wàrà nígbà tó o bá sín, tó o bá wúkọ́, tàbí tó o bá fò sókè. Ìdí nìyí tí ìdárayá tó péye fi gbọ́dọ̀ ní fífún tó pẹ́ àti fífún kíákíá nínú.

Kò dìgbà téèyàn bá bímọ kí iṣan yìí tó fa wàhálà. Àwọn ọmọbìnrin tó ń fò lórí tranpolíìnì, tó ń ta òkìtì nínú eré jimináásíìkì, tó ń sáré ọ̀nà jíjìn, tó ń gbé irin tó wúwo, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìtọ̀ máa ń já lára láàárín eré, tí wọn ò sì tíì bímọ rí. Ikọ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀ ń dá kún un, bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbẹ́ líle tó ń mú kéèyàn máa fi ipá tì lójoojúmọ́. Lọ́dún 2021, NICE, àjọ tó ń kọ ìtọ́sọ́nà ìtọ́jú fún ilẹ̀ England, dá a lábàá pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin ọdún 12 sí 17 nípa iṣan yìí. Ó dùn mí pé kò sẹ́ni tó kọ́ mi nígbà yẹn.

Ó rọ̀ jù ni, àbí ó le jù?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú owó àti ohun èlò, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìpolówó ń fò kọjá. Iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí lè le gbagidi, kó wà ní dídì tọ̀sántòru, kí onítọ̀hún má sì mọ̀. Àníyàn lè fà á, ìrora nǹkan oṣù tó lágbára lè fà á, kéèyàn máa mú ìtọ̀ mọ́ra fún wákàtí pípẹ́ lè fà á, títí kan àṣà kéèyàn máa fa ikùn wọlé ṣáá kó lè rí pẹlẹbẹ nínú aṣọ.

| | Ó jọ pé ó rọ̀ jù | Ó jọ pé ó le jù |
|---|---|---|
| Ìtọ̀ | Ó ń já nígbà ikọ́, ẹ̀rín, sísín tàbí fífò | Kì í tètè jáde, ó ń dá dúró lójijì, tàbí ó ń gbọ̀n ọ́ lemọ́lemọ́ |
| Ìgbẹ́ àti afẹ́fẹ́ | Ìsó ń bọ́ láìròtẹ́lẹ̀ | Ìgbẹ́ ń ṣòro jáde, ó sì máa ń ṣe ọ́ bíi pé kò tán |
| Ojú ara | Ó ń ṣe ọ́ bíi pé nǹkan wúwo ń bọ̀ nísàlẹ̀ | Ìbálòpọ̀ ń mú ìrora wá, tàbí òwú nǹkan oṣù tí wọ́n ń kì bọ inú kì í fẹ́ wọlé |
| Ìrora | Kì í sábà sí | Ìsàlẹ̀ ikùn, ìbàdí tàbí egungun ìdí ń ro |

Má fi tábìlì yìí ṣe dókítà o. Àmì méjèèjì lè wà lára ẹnì kan náà, torí iṣan tó le jù lè má lágbára, kí ìtọ̀ sì máa já lára ẹni tó ni ín. Wò ó báyìí: ọwọ́ tó ti di ẹ̀ṣẹ́ láti àárọ̀, bó o bá ní kó tún di ẹ̀ṣẹ́ nígbà tí ìjà dé, kí ló kù tó fẹ́ dì? Ó ti rẹ̀ ẹ́ kí iṣẹ́ tó dé. Ẹni tí iṣan rẹ̀ le, tó tún ń fún un ní ọgbọ̀n ìgbà lójúmọ́, ńṣe ló ń fi orí bíbẹ́ ṣe oògùn orí fífọ́. Bó bá jẹ́ pé apá ọ̀tún tábìlì yẹn ló bá ọ mu jù, má fún ohunkóhun ní báyìí. Apá kan wà nísàlẹ̀ tó jẹ́ tìrẹ.

Kó o dá a ṣe nílé, tàbí kó o lọ sọ́dọ̀ físíò

Dókítà Arnold Kegel, ará Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àìsàn obìnrin, ló sọ ìdárayá yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, lẹ́yìn tó kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1948. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò gbọ́ ni pé Kegel kì í kàn sọ fún obìnrin pé kó lọ máa fún un nílé. Ó ń fọwọ́ yẹ iṣan náà wò, ó sì ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fi agbára fífún hàn, kí obìnrin náà lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí iṣan rẹ̀ ń ṣe. Orúkọ Kegel la mú lọ. Yíyẹ̀wò la gbé jù sílẹ̀.

Bó o bá ń dá a ṣe, kò ní ná ọ ní kọ́bọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, o sì lè ṣe é lórí ìjókòó ọkọ̀. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ló tóbi: o lè máa ṣe é sódì, kí ohunkóhun má sọ fún ọ. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1991 yẹ obìnrin 47 wò lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ẹnu lásán ṣàlàyé ìdárayá náà fún wọn. Àwọn tó ṣe é bó ṣe yẹ kò ju bí ìdajì lọ, ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ń ṣe é lọ́nà tó lè mú kí ìtọ̀ túbọ̀ máa já. Nígbà tí mo ka iye yẹn, omi bọ́ lójú mi, torí mo ti ń dá ara mi lẹ́bi pé ọ̀lẹ ni mí.

Lílọ sọ́dọ̀ físíò ń gba owó, ó ń gba àkókò, ó sì ń gba ìgboyà. Ṣùgbọ́n ó máa rí bóyá iṣan náà ń gòkè tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó máa mọ̀ bóyá ó rọ̀ tàbí ó le, á sì fún ọ ní iye tó bá agbára tìrẹ mu, kì í ṣe iye tó wà fún gbogbo ayé. Fún obìnrin tí ìtọ̀ ń já lára rẹ̀ nígbà ikọ́ tàbí fífò, ohun tí NICE ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún un ni oṣù mẹ́ta ó kéré tán nínú ìdárayá yìí lábẹ́ àbójútó. Ìdárayá náà ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Nígbà tí Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kó àwọn ìwádìí tó wà jọ lọ́dún 2018, nínú irú àwọn obìnrin yìí, ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe é ló sọ pé ara àwọn ti yá, nígbà tó jẹ́ ìdá 6 péré láàárín àwọn tí kò ṣe é.

Mo mọ ohun tó ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ nínú yín, torí ó bà mí náà. Ṣé wọ́n á ti ọwọ́ bọ̀ mí lábẹ́ ni? Òótọ́ ni pé ọ̀nà tí físíò sábà ń gbà yẹ iṣan yìí wò ni kó fi ìka kan tó wà nínú ìbọ̀wọ́ sí ojú ara. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan. Bó ò bá tíì ní ìbálòpọ̀ rí, bó bá ń dùn ọ́, tàbí bó ò kàn fẹ́, ó lè fi ojú wo bí awọ abẹ́ ṣe ń rìn láti ìta. Ó lè gbé ọwọ́ lé ibẹ̀ lórí pátá. Ó sì lè gbé ẹ̀rọ skáànù lé ìsàlẹ̀ ikùn rẹ, kí ìwọ fúnra rẹ rí i lójú ẹ̀rọ bí ìsàlẹ̀ ilé ìtọ̀ ṣe ń gbéra nígbà tó o bá fún iṣan. O lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kó jẹ́ obìnrin ló máa yẹ̀ ọ́ wò. O lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ìyá rẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ dání, o sì lè sọ pé "ó tó" láàárín kan. Bí ẹnikẹ́ni bá bínú nítorí pé o kọ̀, dìde níbẹ̀, kó o wá ẹlòmíràn.

Bó bá jẹ́ nílé lo máa ti bẹ̀rẹ̀, ṣe é báyìí. Sùn sẹ́yìn, kó o ká orúnkún sókè. Mí sínú, jẹ́ kí ikùn wú. Bó o ṣe ń mí síta, pa ihò ìdí dé bí ẹni tó ń dá ìsó dúró, kó o wá fa fífún yẹn bọ̀ wá síwájú bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró, kó o sì gbé gbogbo rẹ̀ sókè sínú. Ìdí kò gbọ́dọ̀ le, itan kò gbọ́dọ̀ pa pọ̀, èémí kò gbọ́dọ̀ dúró. Máa ka nọ́ńbà sókè ketekete, torí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò lè sé èémí. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni agbára rẹ dé, mẹ́ta náà ni. Ibi tí à ń lọ ni mẹ́wàá, díẹ̀díẹ̀ sì nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lẹ́yìn náà, dẹ̀ ẹ́ pátápátá, kó o sinmi fún iye àkókò tó o fi fún un. Ìsinmi yẹn wà lára iṣẹ́. Nígbà tó o bá ti ṣe èyí tó pẹ́ tán, ṣe mélòó kan tó yára: fún, dẹ̀, fún, dẹ̀. NICE ní kó má dín sí ìgbà 8 lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bó bá ti mọ́ ọ lára lórí ìdùbúlẹ̀, gbé e lọ sórí ìjókòó, lẹ́yìn náà sórí ìdúró.

Fi dígí wò ó lẹ́ẹ̀kan. Awọ tó wà láàárín ojú ara àti ihò ìdí gbọ́dọ̀ fà wọlé, kó gòkè. Bó bá yọ síta bíi bọ́ọ̀lù, títì lò ń tì í. Dúró níbẹ̀, má ṣe ọ̀kan mọ́ títí ẹnì kan á fi tọ́ ọ sọ́nà. Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń sọ fún wa, pé ká máa dá ìtọ̀ dúró ní àárín ká tún máa tọ̀ ọ́ lọ. Bó bá jẹ́ láti mọ ibi tí iṣan wà, ẹ̀ẹ̀kan tó. Má sọ ọ́ di ìdárayá, torí ilé ìtọ̀ lè má ṣófo tán.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí kì í gba oṣù mẹ́ta: fún iṣan kó o tó wúkọ́, kó o tó sín, kó o tó gbé ẹrù. Lọ́dún 1998, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà kọ́ àwọn obìnrin tí ìtọ̀ ń já lára wọn díẹ̀díẹ̀ ní àṣírí kékeré yìí, ìtọ̀ tó ń bọ́ nígbà ikọ́ sì dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré. Èyí ni mo kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀.

Kóònù, ẹ̀rọ oníná, àti ẹ̀rọ tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́

Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ràn gidigidi, nítorí pé ó gbé àwọn ọ̀nà yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí àwa náà ṣe ń ṣe. Kari Bø, oníṣẹ́ físíò ará Norway, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e jáde lọ́dún 1999. Obìnrin 107 tí ìtọ̀ ń já lára wọn nígbà ikọ́ tàbí eré ni wọ́n pín sí mẹ́rin fún oṣù mẹ́fà. Àwọn 25 ń fún iṣan ní ìgbà 8 sí 12, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, wọ́n sì ń pàdé físíò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn 25 mìíràn ń lo ẹ̀rọ oníná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́. Àwọn 27 ń lo kóònù fún ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́. Àwọn 30 tó kù kò gba ìtọ́jú kankan. Ìdárayá ọwọ́ ẹni ló borí, nínú agbára iṣan àti nínú dídín ìtọ̀ tó ń já kù. Ó borí kóònù, ó borí iná.

Síbẹ̀, èyí kò sọ pé àwọn ohun èlò náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Kóònù jẹ́ ìwúwo kékeré, láti bíi gíláàmù 20 dé 100, tí wọ́n ń fi sí ojú ara nígbà ìdúró kí iṣan má jẹ́ kó já bọ́. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ ní nǹkan tó ń dì mú. Ṣùgbọ́n èèyàn lè fi itan pa á mọ́, kó máa rò pé iṣan ló ń ṣiṣẹ́. Kò sí fún ìgbà nǹkan oṣù, kò sí fún ẹni tí ojú ara rẹ̀ ní àrùn, kò sì sí fún ẹni tó lóyún láìjẹ́ pé olùtọ́jú rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tí òwú nǹkan oṣù pàápàá ń ṣòro fún kò gbọ́dọ̀ dé ìdí rẹ̀.

Ẹ̀rọ oníná ń bá ọ fún iṣan náà láìjẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ ṣe ohunkóhun. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo lè sọ fún pé kó wò ó: ẹni tó ti gbìyànjú lọ́dọ̀ físíò tí kò sì rí iṣan náà fún rárá, bíi pé ọ̀nà tó ti orí lọ síbẹ̀ ti dí. Bí iṣan bá ti jí, kó o fi iná sílẹ̀, kó o máa fi ara rẹ ṣe é. Aboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí àyà láti máa darí ìlù ọkàn.

Ẹ̀rọ tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́ ló wọ́pọ̀ jù láàárín ẹ̀yin ọ̀dọ́. Wọ́n á fi í sí ojú ara, àwòrán á sì máa gòkè lójú fóònù bó o ṣe ń fún un. Ó dùn ún lò, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2020, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní OPAL jáde, tí wọ́n ṣe fún obìnrin 600 ní Scotland àti England. Ìdárayá lábẹ́ àbójútó ni gbogbo wọn ṣe, ṣùgbọ́n apá kan lo ẹ̀rọ tó ń fi iṣẹ́ iṣan hàn pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn. Nítorí náà, bí owó rẹ kò bá ká méjèèjì, físíò ni kó o ná an lé. Bó bá sì jẹ́ pé ìgbàgbé ni ìṣòro rẹ, áàpù tó kàn ń dún láti rán ọ létí ti tó. Ìgbàgbé ló ń pa ìdárayá yìí jù. Ka ohun tí áàpù náà fẹ́ mọ̀ nípa rẹ kó o tó gbà, torí ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ kì í ṣe ohun tó yẹ kó máa rìn kiri lọ́wọ́ ẹni tó ò mọ̀.

Ẹyin olókùúta tí wọ́n ní kéèyàn kì bọ abẹ́ sùn: má ṣe é. Òkúta lè ní ihò wínníwínní tí ìdọ̀tí ń sá pamọ́ sí, iṣan tó sì di nǹkan mú láti alẹ́ dàárọ̀, a kò kọ́ ọ ní dídẹ̀.

Pilates, yoga àti fífa ikùn

Mo fẹ́ràn Pilates àti yoga, àwọn ìdárayá tí wọ́n ń fi pẹ̀lẹ́ ṣe pẹ̀lú èémí, fún ara, fún èémí, fún ọkàn tó balẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìtọ̀ tó ń já lo torí rẹ̀ wá, wọn kò lè gba ipò ìdárayá tó dojú kọ iṣan náà gangan. Ọ̀nà kan tún wà tí wọ́n ti ń sé èémí tí wọ́n sì ń fa ikùn wọlé abẹ́ ìhà. Àwọn ìwádìí tó fi í wé fífún kò fi hàn pé ó dára ju fífún lọ. Ẹni tó ń gbé irin kò ní láti pa á tì: mí síta bó o ṣe ń gbé e, fún iṣan kó o tó gbé e, kó o dín ìwúwo kù fún ìgbà díẹ̀ bí ìtọ̀ bá ṣì ń já.

Bó bá jẹ́ pé ó le jù

Níbí, dídẹ̀ ni ìdárayá. Sùn sẹ́yìn, gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí àga, gbé ọwọ́ kan lé ikùn. Mí wọlé jẹ́jẹ́ kí ikùn gbé ọwọ́ sókè, kó o sì kíyè sí i bí ìsàlẹ̀ ṣe ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bí èémí ṣe ń wọlé. Má tì í. Jẹ́ kó sọ̀ fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún dé mẹ́wàá lójúmọ́ tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Kúnlẹ̀ kó o jókòó lé gìgísẹ̀, ya orúnkún, kó o fi iwájú orí kanlẹ̀; ìdúró yẹn ń ṣí ibẹ̀ dáadáa. Nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré kí orúnkún ga ju ìbàdí lọ, kó o má sì fi ipá tì.

Mímí nìkan lè tó fún ẹni tí ìnira rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n bí ìbálòpọ̀ bá ń mú ìrora wá, tàbí bí nǹkan kankan kò bá ṣeé fi wọ ojú ara, má fi oṣù mẹ́fà gbìyànjú ní ìwọ nìkan. Físíò lè fi ọwọ́ tú ibi tó ti di kókó, ó sì lè kọ́ ọ bí wàá ṣe lo àwọn ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń fi sí ojú ara kí iṣan lè kọ́ dídẹ̀, láti orí èyí tó kéré jù lọ sí èyí tó tóbi, ní ìwọ̀n tí ìwọ fúnra rẹ bá fara mọ́. Bí ìrora nǹkan oṣù rẹ bá ń dá ọ dúbúlẹ̀ loṣooṣù, rí dókítà pẹ̀lú, nítorí ó lè ní ohun mìíràn tó ń mú iṣan náà le. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Kì í ṣe pé o kò nífẹ̀ẹ́ ẹni tó ò ń bá gbé. Iṣan ló ń dáàbò bo ara rẹ, tó sì ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dẹwọ́.

Èyí tí mo máa yàn bí mo bá wà ní ipò rẹ

Bó bá jẹ́ pé nígbà fífò tàbí sísín nìkan ni ìtọ̀ ń já, tí kò sí ìrora, tí dígí sì fi hàn pé iṣan ń fà wọlé, màá dá a ṣe nílé fún oṣù mẹ́ta, màá sì lọ fi han físíò lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. N kò ní ra ẹ̀rọ kankan. Bó bá jẹ́ pé mo fún un títí tí n kò mọ nǹkan kan lára, físíò ni màá kọ́kọ́ lọ bá, àní kí n tó gbìyànjú ọ̀sẹ̀ kan nílé. Bí mo bá lóyún, fífún àti dídẹ̀ ní ti ara mi nìkan ni màá ṣe, láìsí iná, láìsí kóònù. Bí físíò bá jìnnà sí mi jù, màá wá èyí tó ń ṣe é lórí fídíò. Kò lè yẹ̀ mí wò bí èyí tó wà nítòsí, àmọ́ ó lè gbọ́ ohun tó ń ṣe mí, kó sì tọ́ èémí mi sọ́nà.

Àwọn nǹkan kan kò sí fún ìfiwéra. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, ìtọ̀ tó ń ta ọ́ pẹ̀lú ibà, nǹkan tó yọ síta lójú ara, dókítà ni wọ́n ń fẹ́ láìjáfara. Bí ìdí àti abẹ́ bá ṣàdédé kú tìpìrì, tí ẹsẹ̀ ń rẹ̀ ọ́, tí o kò sì lè tọ̀ tàbí tí o kò lè dá a dúró mọ́, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ òru.

Ní ti èmi, dídẹ̀ ni físíò fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kó tó jẹ́ kí n fún ohunkóhun. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹfà pé, ìtọ̀ kò já mọ́ nígbà tí mo bá sín. Okùn ló pẹ́ jù. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ni mo tó padà sídìí rẹ̀, ogún fífò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sì fún iṣan kí ẹsẹ̀ mi tó kúrò nílẹ̀. Mo wọ pátá dúdú lọ́jọ́ yẹn nítorí ẹ̀rù. Gbígbẹ ni mo bá a nígbà tí mo délé.